Oǹdó Wo Lẹ Ń Wí?

Bí ẹ bá sọ fún ọmọ Amẹ́ríkà pé New York lẹ ń lọ, kò ní bi yín bóyá ìlú ni tàbí ìpínlẹ̀. Ìlú ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn: ilé gogoro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, èrò tó ń wọ́ bí omi. Bó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ lẹ ní lọ́kàn, ẹ̀yin lẹ máa fi ọ̀rọ̀ kún un, kẹ́ ẹ pè é ní New York State, tàbí kẹ́ ẹ kúkú dárúkọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an, Buffalo tàbí Albany. Albany ló sì jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà láti 1797. Ìlú New York, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kì í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Oǹdó, ìlú Ọ̀ṣemàwé. Ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Oǹdó, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 18. Àkúrẹ́, ìlú Déjì, ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ New York àti Albany ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lo orúkọ náà lọ́hùn-ún ló ṣe ń lò ó níbí. Rárá o. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníwèé ìròyìn wa, "Ondo" lásán, ìpínlẹ̀ ni. Ìlú ló ń gbẹ́rù: "Ondo town". Àwọn ọmọ ìlú tí inú ń bí sí "town" yẹn, tí wọ́n gbà pé ó ń fojú kéré ìlú ńlá, ti ń kọ "Ondo City". Town ni o, city ni o, ẹrù ni ẹrù ń jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ní kíláàsì mi máa rántí ohun tí mo máa ń sọ bá a bá dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Bí nǹkan méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, ẹ wo èyí tó ń jẹ́ ẹ lásán, kẹ́ ẹ sì wo èyí tí wọ́n so nǹkan mọ́ nídìí. Èyí tó ń jẹ́ ẹ lásán ni onílé. Èyí tó gbẹ́rù ni àlejò. Ní New York, ìlú ni onílé. Washington náà bẹ́ẹ̀: ibi tí ààrẹ wọn ń gbé ni Washington lásán, ìpínlẹ̀ Washington, tó di ìpínlẹ̀ ní 1889 ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, òun ni wọ́n ń so State mọ́. Àmọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, ìlú tó ti ń jẹ́ Oǹdó kí òyìnbó tó dé ló wá di àlejò nínú orúkọ ara rẹ̀. Ìlò yẹn ni mo fẹ́ bá wí lónìí, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ èdè nìkan.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, 2022? Àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, ní ìlú Ọlọ́wọ̀. Kí ni àkọlé tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn gbé jáde kó tó di alẹ́? "Ondo church attack." Ìlú Oǹdó náà ní ìjọ Kátólíìkì, èrò sì ń kún ibẹ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń lọ sí ìsìn ní ìlú Oǹdó, tí òun fúnra rẹ̀ wà ní Peckham tàbí ní Houston, báwo ló ṣe fẹ́ ka àkọlé yẹn? Àwọn kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, torí wọ́n mọ̀ pé agbègbè yìí ni mò ń gbé. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi mí: "Prof, Oǹdó wo ni?" Ọkàn àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní ìlú Oǹdó balẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Ọ̀wọ̀ ni. Àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ti ka àkọlé náà kọjá, wọ́n rò pé ìlú ẹlòmíràn ni.

Méjì nibi tó burú sí. Ó kó jìnnìjìnnì bá àwọn tí ọ̀rọ̀ ò kàn, ó sì gba orúkọ Ọ̀wọ̀ kúrò lórí ọ̀fọ̀ ara rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé kí n má fi ti oníròyìn ṣe, pé àkọlé kò láyè, ọ̀rọ̀ kúkurú ló ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Lẹ́tà mẹ́rin ló wà nínú "Ondo". Lẹ́tà mélòó ló wà nínú "Owo"? (Mo gbà pé bí kò bá sí àmì ohùn lórí "Owo", ẹlòmíràn lè kà á sí owó, òmíràn á kà á sí òwò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rò pé wọ́n yìnbọn ní ṣọ́ọ̀ṣì owó.) Àyè kọ́ ni wàhálà wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn, orúkọ ìpínlẹ̀ ti di orúkọ gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkàrẹ́ á di Ondo, Òkìtìpupa á di Ondo, ẹni tó ń ṣe ẹja ní Ayétòrò létí òkun náà á di "Ondo man".

Mo sọ pé n ó ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tí mò ń bá wí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: Ìjọ Àgùdà fúnra wọn ní díósíìsì kan tó ń jẹ́ Ondo, Ọ̀wọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, Àkúrẹ́ sì ni kàtídírà rẹ̀ wà. Ẹni tó bá kọ "Ondo church" lè gba ibẹ̀ jáde. Àwọn Áńgílíkà ní tiwọn ya tiwọn sọ́tọ̀: Oǹdó ní díósíìsì, Àkúrẹ́ ní, Ọ̀wọ̀ náà ní.

Báwo la ṣe débí? Àwọn kan rò pé 1976 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba ológun pín Western State sí mẹ́ta ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì: Ògùn, Oǹdó, Ọ̀yọ́. Ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1915 ni ìjọba òyìnbó kó Èkìtì, Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó pọ̀ sábẹ́ Ondo Province, tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe ibùjókòó rẹ̀. Látìgbà náà ni orúkọ ti wà níbì kan tí àga wà níbòmíràn. 1976 kàn jogún rẹ̀ ni. Ọmọ Adó-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1977, "Ondo" ló ń kọ sí fọ́ọ̀mù títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1996, tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ó lè má tẹsẹ̀ bọ ìlú Oǹdó rí láyé rẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn yòókù ṣe bọ́. Ògùn àti Ọ̀ṣun jẹ́ orúkọ odò; bí ẹ bá ní ọmọ Ọ̀ṣun ni yín, kò sẹ́ni tó máa rò pé inú omi ni wọ́n bí yín sí. Kánò jẹ́ ìlú, ó jẹ́ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà ni olú-ìlú, torí náà orúkọ àti àga wà pa pọ̀, ìdàrúdàpọ̀ ibẹ̀ ò tó nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di rúdurùdu ni ibi tí ìpínlẹ̀ ti gba orúkọ ìlú kan, tó wá gbé àga sí ìlú òmíràn. Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn jẹ wá nírú ìyà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn bá kọ pé "Oyo" ti san owó oṣù, Ìbàdàn ni owó ti jáde, Aláàfin ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé èdè Yorùbá kò tíì gba ìlò yẹn. Ẹ lọ sí gáréèjì l'Ójọ̀ọ́tà, kẹ́ ẹ fetí sí àwọn tó ń pe èrò. "Oǹdó! Oǹdó! Ó ku ẹnì kan!" Ìlú ni wọ́n ń wí. Ẹni tó ń lọ Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ ni wọ́n á pè é sí. Ẹni tó ń lọ Ìkàrẹ́, wọ́n á tọ́ka ọkọ̀ Ìkàrẹ́ fún un. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ Oǹdó, tẹ́ ẹ wá sọ lójú ọ̀nà pé Ọ̀wọ̀ lẹ ń lọ, ṣebí Oǹdó náà ni, awakọ̀ á wò yín bíi pé oorun ṣì wà lójú yín. Nínú ẹnu àwọn tó ń náwó sórí orúkọ, Oǹdó lásán, ìlú ni. Ìpínlẹ̀ ló ń gbẹ́rù: Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tàbí "Ondo State" táwọn èrò ọkọ̀ náà ti sọ di tiwọn. Bí New York ṣe rí fún ọmọ Amẹ́ríkà nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ilé ìwé àtijọ́ náà sì mọ̀ ọ́n: nínú orúkọ Adeyemi Federal University of Education, Ondo, ìlú ni "Ondo" tó wà níparí yẹn.

Àwọn baba wa tiẹ̀ ti yanjú ẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ kan wà, Òde-Oǹdó. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́, ẹ ó sì rí i nínú àwọn ìwé tó ti pẹ́. Ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, òde kì í ṣe ìta gbangba nìkan, ó tún ń tọ́ka sí ìlú tí ọba ilẹ̀ náà jókòó sí. Ẹ rò ó wò: Ìjẹ̀bú ni ilẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni ibùjókòó. Òde-Ìrèlè ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀. Bákan náà, Oǹdó ni àwọn ènìyàn àti ilẹ̀ wọn pẹ̀lú gbogbo abúlé oko rẹ̀, Òde-Oǹdó sì ni ìlú tí ààfin wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò gùn, ó sì ń gbé iyì ọba lọ́wọ́. Èyí tó sàn ju "Ondo town" lọ fíìfíì, tó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n ń tajà. Àwọn Ọ̀yọ́ náà wá tiwọn: Ọ̀yọ́ Aláàfin. Àwọn ọmọ Oǹdó fúnra wọn sì máa ń sá sábẹ́ oríkì ìlú wọn, Ẹ̀kímọ̀gún, tí wọ́n tún fi ń pe àjọ̀dún wọn. Mo fẹ́ràn Ẹ̀kímọ̀gún, àmọ́ oríkì ni. A kì í fi oríkì kọ àdírẹ́sì.

Àwa tá a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé náà kò mọ́ nínú ẹ̀. Nígbà tí Abiodun Adetugbo pín àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá sí agbègbè nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní 1967, Oǹdó wà pẹ̀lú Ọ̀wọ̀, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ní gúúsù-ìlà-oòrùn. Àkúrẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó wà pẹ̀lú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ ní àárín gbùngbùn. Ẹ gbọ́ o: olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sọ èdè Oǹdó, kò tiẹ̀ sí nínú agbo kan náà. Ìdí rèé tí orí mi fi ń gbóná nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wá fún mi láti yẹ̀ wò, tí wọ́n kọ "Ondo dialect" sí iwájú rẹ̀, tí mo bá ṣí i tí mo rí ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ nínú orí kejì àti ti Àkókó nínú orí kẹta. Ẹni tó bá máa ka iṣẹ́ yẹn ní ogún ọdún sí i, ní Leipzig tàbí ní Tokyo, á mú un gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń sọ ní ìlú Oǹdó. Àwọn arúgbó tí wọ́n lè sọ pé irọ́ ni kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ ẹ̀ka èdè kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀. Ìjọba lè dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ kó pín in lálẹ́. Ahọ́n ò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Tí mo bá ti sọ̀rọ̀ orúkọ ìlú báyìí, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni: "Prof, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ó dáa. Fún Àkúrẹ́, ìtàn ní ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ọba tó tẹ ìlú náà dó já níbẹ̀, wọ́n sì ké pé "Àkún rẹ́". Ohùn rẹ̀ bára mu pátápátá. Àránmúpè tó wà nínú kún nìkan ló sọnù. Ti Oǹdó ṣòro díẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ń fi igi iṣu gún ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, ibi tí igi náà ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀ mọ́ ni wọ́n dúró sí, igbe tí wọ́n ké níbẹ̀ ló sì di orúkọ. Ẹlòmíràn á gbọ́ dó inú rẹ̀, á rántí tẹ̀dó àti ìbùdó. Àwọn ìtàn yìí dára, ẹ má gbàgbé wọn. Àmọ́ kí ohùn bára mu kò fi hàn pé ìtàn ló bí orúkọ. Orúkọ náà lè bí ìtàn.

Ẹ tún wo New York fún èyí. Orúkọ Duke of York ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn Dutch ní 1664, tí ó ń jẹ́ New Amsterdam. York tiwọn nílé ńkọ́? Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ fi orúkọ igi kan pè é, àwọn ará Róòmù sì kọ ọ́ ní Eboracum. Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọn ò gbọ́ èdè àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, etí wọn gbọ́ ọ bí ẹlẹ́dẹ̀ igbó nínú èdè tiwọn, ni wọ́n bá ń pè é ní Eoforwic. Àwọn Viking náà dé, wọ́n sọ ọ́ di Jórvík. Igi di ẹlẹ́dẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ di York, York wá rékọjá òkun. Kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tí ẹni tó ń lọ New York lónìí ní lọ́kàn. Ibi tó ń lọ ló ní lọ́kàn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ ìlú ń ṣe ni pé kó tọ́ka sí ibì kan, kó má sì tọ́ka sí ibòmíràn. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni "Ondo" inú ìwé ìròyìn ti kọ̀ láti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ìka kan ilé ara mi, ní Ìta-Ògbólú níbí. Ògbólú ni oyè ọba wa. Ìta ni, ti Ògbólú ni: àgbàlá gbangba tí ọba jókòó sí. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá ni ìta yìí àti òde tó wà nínú Òde-Oǹdó? Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ lò. Àmọ́ nínú ìwé ìjọba, "Itaogbolu" ni, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bíi gaàrí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ibi téèyàn ti lè mọ̀ pé oyè ọba wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí mo bi láìpẹ́ yìí pé kí ni Ògbólú inú rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò mọ̀ pé ó ní inú.

Bí wọ́n bá tún dá Akure North sílẹ̀ ní 1996, kí ni wọ́n kọ síbi tí olú-ìlú yẹ kó wà? "Iju/Itaogbolu". Àmì tó dábùú yẹn ni mo ń bá jà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà míì ó túmọ̀ sí "tàbí", nígbà míì "àti", nígbà míì sì rèé, ó ń sọ pé orúkọ méjì ni ohun kan ní. Èwo ni wọ́n ní lọ́kàn? Ìjú kì í ṣe orúkọ mìíràn fún Ìta-Ògbólú. Ìlú méjì ni, ọba méjì ni, ààlà sì wà láàárín wa táwọn àgbà mọ̀ dáadáa. Mo ti rí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gba àmì yẹn kúrò nítorí pé kò fẹ́ àmì kankan nínú orúkọ ìlú, tó wá kọ "Ijuitaogbolu" síbẹ̀. Mo ka a lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dá a padà fún wọn, mo fi bírò kọ Ìta-Ògbólú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀ àti àmì ìsopọ̀ tó wà láàárín. Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà ò ní gbà á." Mo ní kó fi sínú fáìlì bẹ́ẹ̀.